“Ohun Tí Ẹ Bá Rí, Sà”

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé òwe ń gba owó oṣù ni, èyí ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìkẹ̀rẹ́ tipẹ́, nítorí kò sí òwe tó ń ṣiṣẹ́ tó o ní ìhà gúúsù Èkìtì. Aládùúgbò darí omi ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà wa, òun la fi ń ṣí ẹnu. Àwọn oníná mú bíìlì wá, bíìlì sì ju iná tí a rí lọ, òun náà ni. Wọ́n pín ẹran níbi òkú, àwo fo orí wa, ohùn wa a lọ sókè débi pé ẹni tó bá wà lórí Òkè Olósùnta á gbọ́ pé wọ́n ti yan ọmọ onílẹ̀ jẹ. Ará Ìkẹ̀rẹ́, ará Ìsẹ̀, ará Èmùré, ta ló rẹ́ wọn jẹ rí tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́?

Ibì kan ló kù. Ẹ mú ọmọ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, ẹ gbé e síwájú tábìlì ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọ̀gá á bi í pé èló ló fẹ́ máa gbà lóṣù. Ọmọ yìí kan náà ló dúró lórí alátà lánàá, tó ná ata rodo títí òòrùn fi yẹ̀ lórí, tó ní ṣé ìyá fẹ́ fi òun nìkan kọ́lé ni. Àmọ́ níwájú tábìlì yìí, á tẹrí ba, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á ní:

“Ohun tí ẹ bá rí, sà.”

Ojú ọ̀gá kì í sì í ríran jìnnà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń rí kì í tó owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ Adó.

N kò fẹ́ dá ọmọ náà lẹ́bi tán, nítorí kí ó tó dé ọ́fíìsì ni ilé ti dì í lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan tà tí ẹnìkan rà. Ìyanu ni. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ìyá ti wọ léèsì, ó ti pe ẹgbẹ́, ó ti jó dé iwájú pẹpẹ, ó ti jẹ́rìí pé Olúwa ti pa ẹnu àwọn ọ̀tá mọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó ka ojú ìwé kejì, níbi tí iye owó wà. Ta ló fẹ́ padà lọ bá ìjọ pé ìyanu ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè ra epo? Ọ̀tá nìkan kọ́ ni Olúwa pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ti ìyá, ó tún ku ẹni tó mú u wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iṣẹ́ kan ní Èkìtì tí kò ní ẹni tó bá wọn sọ ọ́. Ó lè jẹ́ àbúrò bàbá, ó lè jẹ́ alàgbà ìjọ, ó lè jẹ́ ẹni tó bá ọ̀gá náà jọ kàwé. Òru ló máa ń tẹ ọmọ láago.

“Mo ti bá wọn sọ ọ́ tán o. Ọ̀la ni kó o lọ rí wọn.”

“Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ọlọ́run á bá wa bù kún yín. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n sọ iye tí wọ́n máa...”

“Iye kẹ̀? Ṣé torí owó lo ṣe kàwé ni? Má lọ dójú tì mí níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n bá fún ẹ, gbà á.”

Bàbá ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́, ó ń mi orí bí ẹni pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bàbá yìí, olùkọ́ tó tún ní oko kòkó, ló fi kòkó ọdún mẹ́rin san owó yunifásítì. Bọ̀dá fúnra rẹ̀, nígbà tó fẹ́ ta Camry rẹ̀ tó ti gbó, kò gbà kí àna rẹ̀ yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kúrò nínú owó rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ní iye tó tó.

Ibi tí dídákẹ́ yìí ti wá, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ilé olùkọ́ ni Èkìtì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Ìkẹ̀rẹ́ tó di yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè ní 2020, ó ti tú olùkọ́ jáde sí gbogbo abúlé tó ní kíláàsì mẹ́fà. Ìjọba ló ń gbà wọ́n, ìjọba kì í sì í bi olùkọ́ pé èló ló fẹ́. Tábìlì wà nílẹ̀: ẹni tó ní NCE bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 07, ẹni tó ní dìgírì bẹ̀rẹ̀ ní 08, o gun àtẹ̀gùn kan lọ́dún títí o fi fẹ̀yìn tì. N kò tíì gbọ́ pé olùkọ́ kan dé iwájú àwọn TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́, tó ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i. Nítorí náà ọmọ dàgbà nínú ilé tí owó oṣù ti jẹ́ ohun tí à ń dúró dè, kì í ṣe ohun tí à ń ná. Nígbà tí kò bá dé, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe dé fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkìtì fi daṣẹ́ sílẹ̀, a tún dúró díẹ̀ sí i.

Ohun tí ọmọ kò rí ni pé bàbá rẹ̀ kò dákẹ́ rárá. Bàbá san owó ẹgbẹ́ ni. Láti 1931 ni NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ti wà, tí I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ wọn. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù kan lọ, nítorí ogun Hitler ti gbé owó ọjà lọ sókè, owó iṣẹ́ sì jókòó síbi tó wà. Ní 1954, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn pinnu pé ṣílè márùn-ún ni òṣìṣẹ́ tó kéré jù yóò máa gbà lójúmọ́. Ìgbìmọ̀ Údójì jábọ̀ ní 1974, ó gbé owó ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá láti ₦312 lọ sí ₦720 lọ́dún, àwọn àgbà kan sì ń mẹ́nu ba owó Údójì dòní bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí èyí tó wá fúnra rẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Bàbá lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì rẹ̀ nítorí ẹnìkan ń pariwo fún un ní Ìbàdàn àti ní Èkó.

Ọmọ wá gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí kò ní ẹgbẹ́ kankan. Nínú ogún bàbá, jíjókòó jẹ́ẹ́ nìkan ló mú. Ó fi àwọn tó ń pariwo sílẹ̀.

Kí ẹ má rò pé mo ń sọ pé ẹgbẹ́ mọ ọjà ná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ná ní 2024. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, pe owó oṣù tó kéré jù ní ₦615,000. Ìjọba àpapọ̀ wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀, ó ní ₦48,000. Ẹgbẹ́ bínú, wọ́n dìde kúrò ní tábìlì, wọ́n padà jókòó, wọ́n ní ₦494,000. Ìjọba fi díẹ̀ sí i, ó tún fi díẹ̀ sí i: ó dé ₦54,000, ó dé ₦57,000, ó dé ₦60,000, ó dé ₦62,000. Ẹgbẹ́ já wálẹ̀ sí ₦250,000. Ní oṣù Keje, wọ́n pàdé ní ₦70,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń rà gòkè pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà. Ẹni tó ń tà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé márùndínláàádọ́ta. Ìyá alátà kan ní Ọjà Ọba, bí wọ́n bá ní kó lọ ṣojú òṣìṣẹ́ ní Àbújá, kò lè tà bẹ́ẹ̀ láéláé, kódà kí òjò ti máa kù. Síbẹ̀ ₦30,000 ni òfin ń wí láti 2019 títí di ìgbà náà. Ẹni tó ná ọjà burúkú náà gba ìlọ́po méjì ó lé. Ẹni tí kò ná rárá ló wà ní ₦30,000, ó ń fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Àwọn tó mọ owó iṣẹ́ ná ní tiwa kò sí ní ọ́fíìsì kankan. Ẹ lọ sí oko ọ̀nà Èmùré nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ebè iṣu. Ẹ̀bìrà tó wá ṣe àgbàṣe kò ka ìwé mẹ́fà, àmọ́ kò sí ọ̀gá tó lè bi í ní “èló” kó dá a lóhùn lórí ìdúró.

“Ẹgbẹ̀rún ebè ni. Èló lo máa gbà?”

“Ẹ jẹ́ ká wo oko ná, bàbá.”

Á wọ inú oko. Á fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ bóyá ó le. Á wo bóyá ẹ̀kan wà níbẹ̀, á ka kùkùté. Á bèèrè ta ni yóò bọ́ òun, ibo ni omi wà, ṣé bàbá á san díẹ̀ sílẹ̀ àbí ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó pe iye. Bàbá olóko á pariwo pé ṣé wúrà ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni. Alágbàṣe á gbé ọkọ́ lé èjìká, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò tíì dé ìdí igi ọ̀pẹ tó kángun sí oko tí wọ́n á ti pè é padà. Wọn kò bá ara wọn jà. Alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á jọ jẹun.

Ọmọ wa tó ní dìgírì kò wo oko. Kò bèèrè bóyá ọjọ́ Àbámẹ́ta wà nínú iṣẹ́. Kò bèèrè bóyá òun ni yóò ra dátà tí òun yóò fi máa ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Kò mọ̀ pé iye tó wà nínú lẹ́tà kọ́ ni yóò dé inú àpò, nítorí owó orí lè yọ tirẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì yóò sì yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, tí agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá sí i. Ó yẹ kó bèèrè bóyá ìdá mẹ́wàá yẹn ń lọ síbi tó yẹ, àmọ́ ó ń ronú bọ̀dá. Àwọn tó gba iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2023 mọ̀ ọ́n. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹ̀rín; ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kí oṣù tó yí, ọkọ̀ Ìkẹ̀rẹ́ sí Adó ti jẹ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sanwó ilé. Ẹni tó bá kọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú àdéhùn nìkan ló ní ibi tó lè di mú láti fi padà lọ bá ọ̀gá.

Linda Babcock àti Sara Laschever kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà ní 2003. Wọ́n ní nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì ní yunifásítì Carnegie Mellon, ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló bèèrè pé kí wọ́n fi kún owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè, àwọn obìnrin kò ju ìdá méje lọ. Èmi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ àwọn obìnrin ọjà wa. Bí àwọn méjì nínú wọn bá ń ná iṣu lọ́wọ́, agbẹjọ́rò lè wá kọ́ṣẹ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan náà tó ń gba èènì lórí gààrí yóò di ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì, ó sì ní ìdí. Ní ọjà, bí kò bá ná an, wọ́n á ní kò mọ ọjà. Ní ọ́fíìsì, bí ó bá ná an, wọ́n á ní ó ti jù, ṣé kò ní ọkọ tó ń bọ́ ọ ni. Babcock yẹn náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà ṣèwádìí ní 2007: wọ́n rí i pé ojú burúkú tí wọ́n fi ń wo obìnrin tó bèèrè ju èyí tí wọ́n fi ń wo ọkùnrin lọ. Nítorí náà, ẹ má bá arábìnrin yẹn wí tete. Ó ti wo oko tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń dùn mí ni ìbéèrè yẹn: “Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbi tó o wà tẹ́lẹ̀?” Ẹni tó ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ní ilé-ìwé kan rí á sọ òótọ́, òótọ́ náà á sì tẹ̀ lé e dé Adó, á bá a dé Àkúrẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òfin ti ka ìbéèrè yẹn léèwọ̀ láti 2018, àyàfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Láti 2023, ní New York, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ iye owó sínú ìkéde iṣẹ́. Tiwa kọ ọ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Owó oṣù tó wuni.” Ó wu ẹni tó ń san án.

Àwọn kan ti wá gbọ́ pé ó yẹ kí èèyàn máa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ já. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó ti fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́ bí àwọn ará Californíà ṣe ń ṣe é, ó wọ inú ilé-iṣẹ́ gààrí, ó ní dọ́là ni kí wọ́n máa fi san tòun, kí wọ́n fún òun ní owó ìfọwọ́síwèé, kí òun sì máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Iṣẹ́ náà ni kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìkẹ̀rẹ́ gan-an ni ọba kan ti fi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà hàn, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó wá di ará Ìsẹ̀ lábẹ́ Arínjalè, ọba ibẹ̀, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn kan, Ògògà gúnwà sórí ìtẹ́. Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba tó wá kí i, wà lórí àga tí àwọn aláàárù gbé rù. (Iye tí àwọn aláàárù náà gbà kò sí lára igi.) Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, ọkàn wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á.

Ẹ rántí ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Ìlú wà lábẹ́ òyìnbó, ilẹ̀kùn ti wà lọ́wọ́ òyìnbó, ó ti rékọjá òkun. Bí ọba bá ní “ohun tí ẹ bá rí, sà,” kò sí ẹni tó máa bú u. Ògògà kò gba owó. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀ fún òun. Wọ́n ṣe ìtẹ́ náà ránṣẹ́. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dí àyè èyí tó lọ. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ, pé kò sí àga tó tó ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìlú tó ni ín sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Àmọ́ nígbà náà, ọba mọ ohun tí òun ní, ó mọ ohun tí òun fẹ́, ó sì sọ ọ́ kí ẹni tó ń rà tó bá a sọ ọ́.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ìsinsìnyí gbọ́n ju British Museum lọ. Bí o bá ti fẹ́ la ẹnu, wọ́n á ní ẹbí kan ni gbogbo wa níbí. Ó dáa. Ẹbí wo ló máa ń yọ owó ọmọ nítorí ó pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Àwọn onílé-ìwé ní tiwọn ní èrè olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí n kò rí nínú Ìwé Mímọ́ ni ibi tó ti sọ pé èrè ẹni tó ni ilé-ìwé wà ní Ìkẹ̀rẹ́ níhìn-ín, ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ní náírà.

Wọ́n tún mọ òfin. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti 2019 kò mú ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ilé-ìwé tó ní kíláàsì láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìwé mẹ́wàá ṣe máa ń dúró sí iye kan pàtó. Ọmọbìnrin kan tó ti wo oko dáadáa jókòó síwájú màdáámù kan irú bẹ́ẹ̀. Ó kí i, ó dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè:

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?”

“Mẹ́rìnlélógún.”

“Ṣé awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, mà? Àwọn ìyá tó ń dáná ńkọ́? Bàbá tó ń ṣọ́ géètì?”

Màdáámù yọ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló rán ẹ wá?”